Ìyá Mi Ń Dúró Kí Omi Inú Tẹlifóònù Fà

Ewúrẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn lẹ́yìn ilé wa ní Adja-Ouèrè, ewúrẹ́ aládùúgbò ki ẹnu bọ̀ ọ́, ìyá mi sì gbá tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó ń sáré àsápajúdé! Ewúrẹ́ fo odi, ìyá mi náà ní òun á fo odi. Ewúrẹ́ náà wà títí dòní, ara rẹ̀ le koko. Ìyá mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Bàbá kan tó ń to eegun gun alùpùpù wá láti Ikpinlè. Ó to ẹsẹ̀ náà, ó fi pákó dì í, ó wá kọjú sí èmi dípò ẹni tó fẹsẹ̀ kán: "Ọmọ mi, bí ìyá rẹ bá fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ilẹ̀ kí n tó tú u, yóò máa tiro títí ayé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹ̀sọ̀ ni bàbá ń sọ. Kò tíì mọ ìyá mi.

Èmi ni mo ń bá a gbé. Aránṣọ ni mí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà, nítorí náà ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ ojú kì í de èèyàn mọ́lẹ̀. Bí mo bá yíjú báyìí láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ìyá mi á ti fìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà: ó fẹ́ lọ wo iná, ó fẹ́ lọ wo epo, ó fẹ́ lọ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rìn káàkiri Oko-Akarè láti ra ẹyìn. Bí obìnrin yẹn kò bá lè rìn mọ́, ìbànújẹ́ ni yóò pa á.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo gbé tẹlifóònù mi lé e lọ́wọ́, mo ṣí eré kan fún un. Ọkùnrin kékeré kan tó dé akẹtẹ̀ ló wà nínú eré náà, ó ń sáré, ó ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn, ó ń wá ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Bí ó bá já bọ́, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, ṣé kò dùn ọ́?" Ìdí rẹ̀ wá gúnlẹ̀ sórí àga, èmi náà sì rí aṣọ rán.

Àfi ìgbà tí wọ́n dé ibi omi.

Níbẹ̀, adágún ló bo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Irin ọlọ́wọ́ pupa kan wà lára ògiri. Tí a bá fọwọ́ kàn án, omi á fà, ọ̀nà á yọ. Tí a bá tún fọwọ́ kàn án, omi á kún, pákó á léfòó, èèyàn á sì gun pákó dé òkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi wo omi náà dáadáa, ó gbé tẹlifóònù lé itan, ó káwọ́.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dúró kí omi fà."

"Omi inú tẹlifóònù kì í fà fúnra rẹ̀!"

"Ta ló sọ fún ọ? Orí ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ni wọ́n bí mi sí. Bí omi bá bo ọ̀nà, a ó jókòó, a ó sun àgbàdo jẹ, omi á fà. Kò sí omi tí kì í fà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni ẹ ò ní sùúrù."

Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí eegun rẹ̀ jiná ló ń kọ́ mi ní sùúrù. Ó jókòó ti omi yẹn láti àárọ̀ títí di oúnjẹ ọ̀sán. Bí ojú tẹlifóònù bá fẹ́ ṣókùnkùn, á fi ìka kàn án díẹ̀, á ní, "Ó jọ pé ó ti fà díẹ̀." Kò fà rárá.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo fi irin pupa hàn án. Ojú rẹ̀ là. "Háà, pọ́ńpù ni! Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́ńpù nìyẹn, bí ẹni tó fẹ́ pọn omi kún gbogbo àmù ilé. Omi kún, omi fà, omi kún, omi fà. Ọkọ rẹ̀ kú sómi láìmọye ìgbà. Ó ń kí i pẹ̀lẹ́, ó sì ń fa pọ́ńpù lọ. Mo já tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Ìyá! Ẹ̀ẹ̀kan!"

Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn tún dé. Nílé wa, a kì í da omi síta láìkìlọ̀, nítorí a ò mọ ẹni tó ń kọjá, ẹni tí a rí àti ẹni tí a ò rí. Ìyá mi wá ní, omi tó tó adágún, ṣé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á kàn dà á nù? Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀? Ta ló gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀? Láti ọjọ́ náà, kí ó tó fọwọ́ kan irin pupa, á gbójú sókè, á ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, "Àgò o! Mo fẹ́ da omi o!"

Nígbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń lọ sọ́jà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó yá, ó mọ́ àdúgbò lára. Bí ìyá mi bá ti ké, káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Àgò yà o, Ìyá! Ẹ dà á!" Ojú ń tì mí níwájú àwọn oníbàárà mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ní, "Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Mo ní kì í ṣe ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn. Ó ní kí n máa rán aṣọ mi.

Bàbá padà dé láti Ikpinlè. Ó tú pákó, ó fọwọ́ tẹ eegun, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti jiná. Ìyá, ẹ dìde."

Ìyá mi ní kí ó jẹ́ kí omi fà ná.

Mo rò pé àwàdà ni. Bàbá lọ, ó fi wá sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń ní, "Ìyá, ẹ dìde," lójoojúmọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń bẹ lórí pákó, ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀. Níkẹyìn mo fà á lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì di àga mú ṣinṣin. Ó wí jẹ́ẹ́ pé, "Tó bá tún kán ńkọ́?" Obìnrin tó ń fo odi ló ń bẹ̀rù ilẹ̀ títẹ́jú yìí. Mo ti rí ọgbọ́n tí mo fi mú un jókòó, mi ò rí èyí tí mo lè fi gbé e dìde. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń rán ṣòkòtò, ó ké àgò, káfíńtà dáhùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Pákó ń gbé ọkùnrin náà lọ sókè. Tẹlifóònù kú. Bátìrì ti gbẹ pátápátá, kò sì síná nílé. Iná sólà káfíńtà nìkan ló kù.

"Iná tán o! Omi ti ń dé ọrùn rẹ̀!"

"Ẹ ní sùúrù, kí n parí etí aṣọ yìí."

Ó pòṣé. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, àga ti ṣófo. Ìyá mi wà lójú títì, ó dorí kọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó di tẹlifóònù mọ́ àyà, ó ń gbẹ́sẹ̀, ó ń gbẹ́sẹ̀, kò tiro. Mo fẹ́ pariwo, mo yáa fi ṣòkòtò oníbàárà dí ẹnu mi. Bí mo bá pè é, á rántí pé ẹ̀rù ń bà á. Alùpùpù kan fun fèrè, ìyá mi dúró gbagidi láàárín títì. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú, ó wò mí.

"Kí lò ń wò?" ni ó wí. "Gbé àga mi tẹ̀ lé mi."

Mo gbé àga, mo ń tẹ̀ lé e, ẹkún kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà dáadáa.