Bàbá Tọ́lá, Agbẹjọ́rò Tí Mo Fura Sí

Ó dìgbà ná, Bàbá Tọ́lá, Adéṣínà ọkọ mi. Ẹ ti lọ, ilé wa ní Lithonia lẹ́bàá Atlanta sì dákẹ́ débi pé ìró fíríìjì nìkan ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa yín. Òótọ́ ni n ó kọ, nítorí ẹ kò fẹ́ irọ́ nínú ìwé. Òótọ́ náà ni pé ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi fura sí yín.

Póláǹdì lẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ẹ sì ṣiṣẹ́ ní Jámánì kí ẹ tó wá bá mi ní Atlanta. Ẹgbẹ́ kan wà lọ́hùn-ún tó pa àwọn agbẹjọ́rò orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn ní òfin ara wọn. Ẹ kò fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Lọ́dọọdún, ẹ óò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tí ẹ ń ṣe ní Lawrenceville, ẹ óò wọ bàálù lọ sí ìpàdé wọn. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú nínú òfin Jámánì àti Póláǹdì?

Ti fóònù wá burú jù. Láàárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru ní ọsibítù dé, inú gáréèjì ni n ó ti bá yín, nínú ọkọ̀ tí ẹ kò tan, tí ẹ ń sọ èdè tí n kò gbọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo ń dá mọ̀: Dorota.

Mo bi yín pé, "Ta ni Dorota?"

Ẹ ní, "Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ìwé la jọ ń kà."

Ìwé wo ni àgbàlagbà ń sá wọ gáréèjì kà? Mo yẹ àpò yín wò. Mo gbóòórùn ọrùn ẹ̀wù yín. N kò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an sì tún dá kún ìfura mi.

Lọ́dún kẹsàn-án, mo ní mò ń bá yín lọ. Ẹ ní, "Kò burú, Ìyá Tọ́lá."

Nígbà tí ẹ dìde sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé lọ́hùn-ún, gbogbo wọn dákẹ́ láti gbọ́ yín. Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè yín. Mo ka orúkọ Dorota láyà obìnrin kan tó jókòó síwájú. Ó rẹwà, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo lọ bi í tààrà pé kí ló wà láàárín òun àti ọkọ mi.

Ó yà á lẹ́nu. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé, "Ṣé kò sọ fún yín ni? Ìdánwò tí yóò fi lè ṣe agbẹjọ́rò ní Georgia, ìpínlẹ̀ yín, ni. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo ń bi í ní ìbéèrè."

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti dá ru ìjákulẹ̀ yẹn nínú ilé tí èmi náà wà. Nígbà tí a padà dé, mo ní kí ẹ máa bọ̀ wá kàwé ní pálọ̀. Ẹ kò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹ kàn kó ìwé yín wọlé.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ yege. Ọdún méjì péré lẹ fi ṣe agbẹjọ́rò níbí kí àìsàn tó dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dorota pè mí. Ó sunkún, ó sunkún pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, ọkàn mi sì tún fura díẹ̀. Ẹ má bínú. Ó bi mí pé kí lẹ sọ kẹ́yìn. N kò sọ fún un. Èmi lẹ sọ ọ́ fún, ọ̀dọ̀ mi ni yóò sì wà.

Ẹ sùn re o, agbẹjọ́rò mi.

Ìyàwó yín,
Ìyá Tọ́lá