Káàdì Méjì Tí Mo Sọ Di Ẹyọ Kan

Inú máa ń bí mi títí dòní tí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ láíbìrì ni mò ń ṣe nígbà náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ l'Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀gá mi, bàbá àgbàlagbà kan, ní àṣà kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gba káàdì tí yóò fi máa yá ìwé, bàbá á kọ orúkọ rẹ̀, á wá bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín?" Á fi bírò pupa kọ ọ́ sí igun káàdì: ọmọ aláró, Ìtòkú. Ọmọ onípáànù, Aké.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí ìwé lẹ fẹ́ yá wọn?"

"Ẹnu rẹ ti mú jù, ìwọ ọmọ yìí. O ò mọ̀ pé orúkọ kan náà pọ̀ nínú àwọn ilé Mùsùlùmí wa níbí ni?"

Bàbá fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ ni kọ̀ǹpútà dé.

Háà, mo gbéra ga! Èmi nìkan ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ. Wọ́n gbé fáànù sí yàrá rẹ̀, wọ́n ní ká máa bọ́ bàtà ká tó wọlé. Mo wá jókòó, mò ń tẹ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àti orúkọ bàbá, kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ bírò pupa. Lọ́jọ́ kan, mo kan káàdì méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà, orúkọ bàbá kan náà, kíláàsì kan náà. Mo rí i pé ọ̀kan jẹ́ ti Ìtòkú, èkejì ti Aké. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, iná ọba sì lè lọ nígbàkigbà. Mo ní bàbá yẹn ló kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa méjèèjì pọ̀, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, láíbìrì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé akẹ́kọ̀ọ́ ti dá gbogbo ìwé padà kó tó lè gba èsì rẹ̀. Ọmọbìnrin Ìtòkú wá. Iṣẹ́ olùkọ́ ti ń dúró dè é ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Alábàtà, wọ́n sì ti ní kó mú èsì wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ìwé kan lórí ìtọ́jú ọmọdé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, mi ò yá ìwé yẹn rí."

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́," mo ní.

Ó sunkún lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìyá rẹ̀ wá. Aró ti dúdú mọ́ ìyá náà lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ, ó kúnlẹ̀ fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un wò." Àwọn àlejò kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wá wo ẹ̀rọ tuntun. Ojú ń tì mí láti ṣí dúrọ́ọ̀ káàdì àtijọ́ níwájú wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kó lọ wá ìwé náà nílé." Ẹ wo ẹnu mi!

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin mìíràn wọlé, ìwé ìtọ́jú ọmọdé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, àìsàn ló dá òun dúró sílé l'Aké. Mo bi í lórúkọ. Ó dárúkọ náà gan-an.

Mo fọwọ́ síwèé ọmọ Ìtòkú lójú ẹsẹ̀, mo gbé e lọ fún un. Mo bá òun àti ìyá rẹ̀ nídìí aró. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú ìrìn o, Àǹtí." Ì bá bú mi, ì bá sàn. Nígbà tó rí ìwé náà, ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́ yẹn, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó kù díẹ̀ kí n ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. N kò lè sọ ọ́. "Mo rí i lára káàdì pé ẹ̀yin méjì ni," mo ní. "Lọ́jọ́ tí màmá wá, dúrọ́ọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ṣí i, nítorí àwọn àlejò."

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àpótí. Ó wá kọjú sí mi.

"Mo kúnlẹ̀ fún ọ," ó ní.

Kò pariwo.