Ọkọ̀ Tó Ń Jẹun Nílé Ìyá Mi

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ṣì ń mu epo, n kì í pa á tí mo bá dé ilé ìyá mi ní Irolu. Bí mo bá fi pa á pẹ́nrẹ́n, àfi kí gbogbo àdúgbò bá mi tì í kó tó dáná. Nítorí náà, ojú fèrèsé ọkọ̀ la ti máa ń kí ara wa. Màámi á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun, màá na búrẹ́dì sí wọn, ó di Ṣàgámù.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnì yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta Íńtàṣéńjì ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ riwáyà ni mò ń ṣe, iná ọkọ̀ ni mo mọ̀. Mo yọ ẹ́ńjìnì náà dànù, mo fi mọ́tò tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ agbẹ́rù ilé iṣẹ́ kan rọ́pò rẹ̀, mo sì to bátìrì sólà kún búùtù. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù, ní orí mi ti dàrú. Nígbà tó kọ́kọ́ rìn láìdún, àwọn náà ló ní kí n gbé àwọn.

Ó ń gbé mi dé Irolu wẹ́rẹ́, àmọ́ agbára rẹ̀ ò ká àbọ̀. Dandan ni kí n fa wáyà láti pálọ̀ màámi, kí n sì dúró títí bátìrì á fi kún.

Inú wọn dùn kọjá sísọ. "Ẹ jẹ́ ó jẹun yó kẹ́ ẹ tó yún ulé," wọ́n á wí, àfi bíi pé èmi àti ọkọ̀ la jọ wá kí wọn, tí a ó sì jọ padà sílé. Ìgbà tí mo bá ki wáyà bọ sọ́kẹ́tì tán ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Obì gbànja ni wọ́n ń tà, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú mi, a ó jọ máa bó èyí tí wọ́n ti rẹ sómi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ wọn ní kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, táwọn méjèèjì ré sí kòtò. Èmi tí mo rò pé mo mọ bàbá mi!

Lọ́jọ́ kan, mo jáde lọ wo ọkọ̀, mo rí i pé iná ò wọ bátìrì mọ́, mo wọlé bi wọ́n léèrè. "Wọ́n ti mú un lọ," màámi dáhùn láìgbójú sókè. Bẹ́ẹ̀, fáànù ayálégbé wọn ń yí gbirigbiri. Mo yẹ sọ́kẹ́tì wò: ẹnì kan ti pa á. Àgbàlagbà ti ń purọ́! Mo wo màámi, wọ́n ń bó obì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mo tan iná náà, mo padà jókòó sídìí obì.

Bátìrì sólà ò pẹ́ darúgbó. Nígbà tó yá, mo ra irú tuntun, èyí tó lè lọ Irolu kó bọ̀, kó tún lọ. Ojú ọ̀nà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi yangàn. Mo dé, mo bá màámi tí wọ́n ti na wáyà sílẹ̀ dè mí, tí wọ́n ń fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Mo gba wáyà, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ọkọ̀ tó ti yó. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mélòó kan.

Ìgbà kan, a ti bó obì títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, ni ayálégbé bá wọlé, ó ń ráhùn pé tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti ìjẹta. Wáyà mi sì rèé nínú sọ́kẹ́tì. Mo wo màámi, àwọn náà wò mí. Wọ́n ti apẹ̀rẹ̀ mìíràn sọ́dọ̀ mi. "Kò tí ì yó," ni wọ́n wí. "Jókòó."

Ọdún kejì rèé tí màámi ti sùn. Mo ṣì máa ń lọ gbálẹ̀ ilé náà. Bátìrì ò lọ sílẹ̀, ọkọ̀ ò rẹ̀, kò sóhun tó ń dá mi dúró. Àárò wọn ń sọ mí ju bí mo ṣe lè wí lọ. Kí oòrùn ọ̀sán tó rọlẹ̀, mo ti padà délé, ìyàwó mi á sì jáde wá pàdé mi. "Ẹ mà tètè dé," ni yóò wí.