Wọ́n Ní Màmá Mi Ń Fìyà Jẹ Ọmọ

Ní gbogbo Agbowó, kò sẹ́ni tó mọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti gba dìgírì, wọ́n ti kó kúrò ládùúgbò. Èmi fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ká sọ tòótọ́, yunifásítì ló fi mí sílẹ̀. Ọgbọ́n tó ṣẹ́ kù, orí iṣẹ́ màmá mi ni mo lò ó sí.

Ọmọ tuntun ni màmá mi máa ń bá àwọn èèyàn wẹ̀. Tó o bá bímọ, tí ìyá rẹ ò sí nítòsí, àwọn lo máa pè. Omi gbígbóná, kànìnkànìn, òrí. Wọ́n á na apá ọmọ, wọ́n á na ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á dì í mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n á dorí ẹ̀ kodò, wọ́n á tún jù ú sókè, wọ́n á gbá a mú, kí ẹ̀rù má bàa máa ba ọmọ náà tó bá dàgbà. Bí wọ́n ṣe wẹ èmi náà nìyẹn. Ẹ̀rù ò sì bà mí rí. Ì bá dáa kó máa bà mí díẹ̀.

Èmi ni mo ṣí péèjì fún wọn. Ibẹ̀ làwọn ìyá ìkókó ti ń rí wa, tí wọ́n ń pè láti Ring Road, láti Challenge, títí dé Àpáta. Tí màmá mi bá ń sọ̀rọ̀ mi fáwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọn kì í mẹ́nu ba ilé ìwé mọ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló ń bójú tó péèjì mi." Orí mi á wú.

Mo wá ya fídíò ọmọ ìyàwó pásítọ̀ kan ní Bódìjà nígbà tí màmá mi ń wẹ̀ ẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ fúnra wọn ló ní kí n yà á. Ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà. Mo gbé e sórí péèjì, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rántí ìyá wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn tó ni áàpù ti yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ìfìyàjẹ ọmọdé ni, pé tí n bá tún gbé irú ẹ̀ síbẹ̀, àwọn á ti péèjì náà pa.

Mo wá ibi tí mo ti lè ṣàlàyé. Kò sí. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ "Mi ò gbà" nìkan ló wà. Mo tẹ̀ ẹ́. N ò tíì jẹ búrẹ́dì ọwọ́ mi tán tí èsì fi dé: ìpinnu àwọn ò yí padà.

Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á dákẹ́. Èmi tún fídíò náà gbé síbẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé, "Ẹ̀yin aláàpù, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ." Mo tún bẹ ìyàwó pásítọ̀ pé kí wọ́n bá mi pín in lórí péèjì tiwọn, kí wọ́n fi jẹ́rìí wa. Wọ́n pín in. Mo jókòó, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, péèjì wa ti lọ. Wọ́n ti péèjì ìyàwó pásítọ̀ náà pa, níbi tí wọ́n ti máa ń bá àwọn obìnrin ìjọ gbàdúrà láràárọ̀.

"Kí ni wọ́n kọ?" Màmá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ìyàwó pásítọ̀ pè wọ́n.

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Mà."

"Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ló ń pa ìyá ìkókó lẹ́kún lórí fóònù? Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

Mo wolẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ, Mà."

"Èmi?"

"Ó jọ pé ẹ̀rọ ló wò ó, Mà. Kì í ṣe èèyàn."

"Ẹ̀rọ yẹn bímọ rí?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ sí màmá mi rí, èmi ọmọ wọn ni mo túmọ̀ ẹ̀ sí wọn létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lásìkò tí wọ́n máa ń wẹ ọmọ, a lọ sí Bódìjà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì pálọ̀ wọn. Mo ní màá bẹ àwọn aláàpù títí wọ́n á fi ṣí i. Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Dìde, ó ti tó." Ọmọ wà léjìká wọn. Màmá mi gbé àpò òrí wọn sílẹ̀, wọ́n ń ká apá aṣọ sókè.

"Ìyá ìkókó, ṣé omi ti gbóná?"

"Ẹ má bínú, Mà. Dádì ẹ̀ ti ní káwa fúnra wa máa wẹ̀ ẹ́."