Fún Bọ̀dá Gbóyèga, Tó Fi Ọwọ́ Tí Iná Jó Fọ Ẹsẹ̀ Mi

Yéè! Bọ̀dá Gbóyèga, ó mà di ojú àlá o! Ikú yìí kò kan ilẹ̀kùn, ńṣe ló já a. Ó fi ipá gbà yín mọ́ wa lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, kò jẹ́ ká rí ojú yín ká sọ pé ó dàbọ̀.

Èmi ni ìyàwó Dọ̀tun, àbúrò yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì lò nílé ọkọ tí ìròyìn náà fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: inú mi ṣì ń dùn, n kò lè fi í pamọ́. Mo fẹ́ ẹni tí ọkàn mi yàn! Ojoojúmọ́ ni mò ń jí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta lọ́rẹ. Ẹni tí kò jẹ́ kí ayọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ mi la wá sin yìí. Ẹkún ń fà mí, ẹ̀rín ń fà mí, aṣọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ẹ̀yin ọkọ mi àgbà, ẹ kì í ṣe oúnjẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ àwọn ará Japan kan láàárín ìgboro Tòróńtò, ẹ sì kó ogun ibẹ̀ wá sí kíṣínì yín ní Brooklin, ìtòsí Tòróńtò níbẹ̀. Táátákì lẹ fẹ́ràn jù: ẹja túnà tí iná líle jó lóde ara, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa ń fi pẹlẹbẹ ọ̀bẹ lu ata ilẹ̀ bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Ẹ ó yí ẹja nínú yànmọ̀tí, ẹ ó gbé páànù onírin kaná títí yóò fi máa rú èéfín, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi: "Ìyàwó, má sá! Gbé e lé e! Kà á dé ogún! Yí i! Jíjó la ní kó o jó o, o ò gbọdọ̀ sè é!" Ẹja á ké ṣàà. Ẹ ó jù ú sínú omi yìnyín, ẹ ó sì tún gbó mọ́ mi pé, "Nù ún! Nù ún gbẹ!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín débi tí omi á bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá yín ti Ìbàdàn dé. Wọ́n ní kí n se oúnjẹ kan fún ará ilé ní kíṣínì yín, kí wọ́n mọ ọwọ́ ìyàwó wọn. Ìwà òmùgọ̀ mi! Dípò ọbẹ̀, táátákì ni mo ṣe. Mo gé ìdajì, mo tò ó sínú àwo, ìyókù ṣì wà nínú omi yìnyín. Màmá rí inú rẹ̀ tó pọ́n. "Ẹ̀jẹ̀ rèé! Ṣé ológbò ni wá ni? Ẹja tí kò jinná ni ìyàwó fẹ́ fi pa wá!" Kí n tó lanu, wọ́n ti da òróró kún páànù, wọ́n yí iná dé ìpẹ̀kun, wọ́n sì wọ́ ẹja tó kù nínú omi yìnyín, pẹ̀lú omi lára rẹ̀, jù ú sínú òróró tó ń hó, kí wọ́n lè dín in dáadáa bí ẹja tilé.

Gbàù! Iná fò dé òkè àjà. Ó gbá kọ́tìnnì mú. Màmá wà láàárín, wọn kò ríbi gbà. Bọ̀dá, ẹ fò wọ inú iná yẹn. Ẹ fi èjìká ti Màmá sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ lásán di ọwọ́ páànù mú, ẹ dé e pa, ẹ sì já kọ́tìnnì lulẹ̀, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Awọ àtẹ́lẹwọ́ yín lẹ̀ mọ́ irin náà.

Ẹnì kan nínú ará ilé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ wo ẹsẹ̀ tó fẹ́ wọlé wa. Kò tíì dé, ilé ti ń jó." Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ìgbéyàwó lè túká lórí rẹ̀.

Ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ sì bú mọ́ wọn: "Omi ló bá òróró jà! Ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé, kò sí obìnrin kan tó gbé omi. Yìnyín ń já lulẹ̀, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin, ọkùnrin, tí ẹ kò tíì gbé ìyàwó tiyín wálé, lẹ gbé kẹ́tùlù jáde. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé yẹn da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Ẹ ní, "Wọlé, kí òtútù má pa ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ń lọ síbi iṣẹ́. Yìnyín ti sọ títì di gíláàsì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ̀, ó ya bò yín, ó fọ́ ọkọ̀ yín yángá. Irin ni wọ́n gé kí wọ́n tó gbé yín jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kí wa kú ará fẹ́ra kù, àwọn ará ilé kan ní kí n kúrò ní pálọ̀. Mo ti dìde. Màmá fi ọwọ́ gbá tábìlì, ife fò lulẹ̀, ó fọ́. "Ọmọ tèmi ló kú! Èmi ni mo bí i! Ẹni tó bá ń wá ohun tó pa á, kó jáde lọ bá yìnyín jà! Ìyàwó, jókòó." Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún lórí èjìká mi.

Bọ̀dá, mo ti wọlé. Ní ẹ̀yìn ìwé yìí, níbi tí orúkọ àwọn tó gbẹ̀yìn yín wà, Màmá fúnra wọn ló ní kí wọ́n kọ orúkọ mi tẹ̀ lé tiwọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ "ọmọ" síwájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró nínú òtútù mọ́. Ẹ sùn re o, ọkọ mi àgbà. Ẹ sùn re.

Ìyàwó yín,
Mojí