Ilẹ̀ Ni A Ti Ń Ṣa Kóropò

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi, Tèmilolúwa, gbé ike kékeré kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wọlé tọ̀ mí wá. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó lọ ra góòlù bọ̀. "Màmá, ẹ wo èso tí mo rà fún yín. Wọ́n ní ó dára fún ojú àwọn àgbà."

Mo ṣí ike náà. Òórùn tó jáde sí mi nímú, ó jọ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀, ó sì jọ ti tòmátì tó pọ́n lápọ̀njù díẹ̀. Èso róbótó-róbótó ni, ó pọ́n bí ọsàn, olúkúlùkù sì wà nínú àpò tirẹ̀ tó gbẹ tó sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti mú ọ̀kan, mo ti fi gbá iwájú orí mi.

Kò dún. Àpò náà rún wómúwómú, ó dà sí mi lójú.

Tèmilolúwa wò mí. "Màmá, ṣé orí ló ń fọ́ yín ni?"

Mo ní kì í ṣe orí, kóropò ni. Kò mọ ohun tí mo ń sọ. Kò sì sí ibi tí mo lè mú un lọ kí n lọ fi hàn án mọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n parí iṣẹ́ ibi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá àgbà mi. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ó ka èyí, ìbínú ni mo fi jókòó kọ ọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ike yẹn kì í ṣe kóropò gan-an. Ìbátan rẹ̀ ni. Kóropò òyìnbó ni àwa ń pè é. Kóropò tiwa kéré sí i, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbìn ín. Fúnra rẹ̀ ló ń hù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, lábẹ́ ògiri, níbikíbi tí omi tí a fi fọ abọ́ bá ń ṣàn gbà. Igi rẹ̀ kì í sábà ga ju orúnkún ọmọdé lọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀, tí o gbé ewé rẹ̀ sókè, ìgbà náà ni wàá tó rí àwọn àpò èso náà tí wọ́n so rọ̀ bí fìtílà tí ẹnìkan gbàgbé láti tàn. Bí àpò náà bá ṣì tutù, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ìka méjì ni a fi ń di ẹnu rẹ̀ mú, a ó sì fi gbá iwájú orí ara wa, tàbí iwájú orí ẹlòmíràn tí kò fura. Ó máa ń dún "pọ̀!" bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ẹnu dé tó sì là á lójijì. Ní agboolé wa ní Òkèrèwè, àwa ọmọdé mọ ìró yẹn ju agogo ilé ìwé lọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ẹ̀yìn ilé ìdáná náà. Obìnrin tín-ínrín ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kò sí ọmọ tó jẹ́ rú u. Èyí tí a bá fẹ́ fi ṣeré, a lè já a níwọ̀nba. Èyí tí a bá fẹ́ jẹ, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lórí igi. Ilẹ̀ ni a ti ń ṣà á.

"Kóropò tó bá tó jẹ, yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Èyí tí ẹ bá já, inú yín ni yóò ti parí pípọ́n, ẹ ó sì gbọ́ nígbà tó bá ń pọ́n."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti gbọ́ ọ rí. Gbogbo agboolé ló bá a gbọ́ ọ, ó sì pẹ́ nínú ilé ìgbẹ́. Nítorí náà a gbà fún òfin. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí eérú àná ṣì wà nínú àdògàn, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn, tí a ń wá èyí tí atẹ́gùn òru gbọ̀n sílẹ̀. Bí o bá ya àpò rẹ̀, èso inú rẹ̀ á mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sì parí kí ẹnu tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀.

Wolé-wolé tó ń yẹ ìmọ́tótó wò nígbà náà wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti igi ọwọ́ rẹ̀. Ó na igi sí kóropò, ó ní kí wọ́n ro ó dànù, pé ibùgbé ẹ̀fọn ni. Ìyá Àgbà kò bá a jà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa mẹ́ta nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà jẹ wọ́n lórí ìdúró, ó wo ọ̀run, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó so tán ná, Ìyá." Ó lọ. Ọ̀gá ìjọba nìyẹn o, ó sì ní agbára láti fini sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró.

Ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Ràfíátù. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá kan tó háyà lọ́wọ́ bàbá mi, ìyá rẹ̀ sì ń bá ìyàwó òyìnbó kan fọṣọ nínú ọgbà yunifásítì. Òyìnbó obìnrin yìí ló bu kóropò òyìnbó díẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan. Ràfíátù gbé e wá bá mi nínú etí aṣọ rẹ̀, a jẹ ẹ́. Ó tóbi ju tiwa lọ, oje rẹ̀ sì pọ̀. N kò fẹ́ gbà pé ó dùn ju tiwa lọ.

"Ó dùn jù ú lọ," Ràfíátù wí.

"Ó tóbi ni. Títóbi kọ́ ni adùn. Orí rẹ náà tóbi."

Láti inú ìjà yẹn ni oko wa ti bẹ̀rẹ̀. A pa kóró oríṣi méjì mọ́, tiwa àti tòyìnbó, a fi wọ́n pa ara bébà, a sá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògàn títí wọ́n fi gbẹ. Ìyá Àgbà fún wa ní ebè méjì. Tèmi ni kóropò ilé, ti Ràfíátù ni kóropò òyìnbó, èyí tó bá sì borí, ẹni tó ni ín ni yóò máa rìn níwájú lọ sílé ìwé.

Kóropò tèmi kò fi àkókò ṣòfò. Ó hù, ó rúwé, ó tan òdòdó kékeré tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, èso rẹ̀ ti ń já sílẹ̀. Ti Ràfíátù ń ga ṣáá ni. Ewé rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ológbò, òdòdó rẹ̀ sì tóbi, ó ní àmì dúdú ní àárín bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí. Ó ga dé àgbọ̀n wa. Kò so.

"Ràfí, igi rẹ ti wọ yunifásítì," mo máa ń sọ fún un. "Ìwé ló ń kà. Kò tíì gboyè."

"Ẹni tó bá kàwé pẹ́ ló ń di ọ̀gá," yóò dá mi lóhùn, yóò sì bu omi sí i.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ló tó so, ìwọ̀nba díẹ̀ lókè téńté. A wò wọ́n títí àpò wọn fi kúrò ní àwọ̀ ewé tó di àwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo. Wọn kò já. Àwa náà kò já wọn. Òfin ni òfin, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa pé òfin tó tọ́ fún ọ̀kan lè má tọ́ fún èkejì.

Bí a ṣe ń dúró lọ́wọ́ ni bàbá Ràfíátù rí ibi tó sàn jù ní Ìlọrin. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, Ràfíátù sá wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó wo àwọn àpò orí igi rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Bí ó bá já, bá mi tọ́jú tèmi," ó wí. Ìyá rẹ̀ pè é, ó lọ.

Kò já. Mo ń lọ wò ó láràárọ̀ títí àpò náà fi jẹrà, tó ku iṣan rẹ̀ nìkan bí àwọ̀n, tí kòkòrò sì ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì tòótọ́ ni mo tó kà á pé irú yẹn máa ń di ẹ̀ka mú, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń já ọ̀pọ̀ rẹ̀, pé kò sì fẹ́ràn ooru bíi ti ilẹ̀ wa. Ta ni ǹ bá fi ẹjọ́ ìyẹn sùn? N kò gbúròó Ràfíátù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kóropò tiwa kò lọ. Ìyá Àgbà kú, ó hù. Bàbá mi kú, ó hù. Ilé ìdáná wó, ó hù lórí òkìtì rẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gun ọ̀kadà láti ilé mi lọ sí Òkèrèwè lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, èmi arúgbó, kí n ṣa díẹ̀.

Lọ́dún yìí ni Káyọ̀dé, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú agboolé, fi í sórí wáásáàpù ẹbí pé òun fẹ́ tẹ́ òkúta ìńtálọ́ọ̀kì sí ẹ̀yìnkùlé kí mọ́tò lè ríbi dúró. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí wọn. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo bá lọ bá a fúnra mi.

"Àǹtí mi, koríko lẹ ń bá wa jà lé lórí?"

"Káyọ̀dé, o ti jẹ nínú koríko náà. Èmi ni mo fi gbá ọ níwájú orí tí o fi lọ sunkún fún ìyá rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò ní kó má ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó ṣáà jẹ́ kí eléyìí pọ́n, kó já, kí n ṣa kóró rẹ̀ lọ sí ilé mi. Ó ní, "A ó dúró, Àǹtí. Ọkàn yín balẹ̀." Ẹ gbọ́ dáadáa o: òun fúnra rẹ̀ ló ní àwọn yóò dúró.

Nígbà tí mo padà lọ, òórùn oògùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan gbé agolo oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fọ́n ọn ní sùúrù bí ẹni ń bomi rin òdòdó.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá," ó wí.

"Ta ló ní kí ẹ fọ́n ọn?"

"Ọ̀gá ni, Ìyá. Wọ́n ní ẹ ti gbọ́ sí i."

Ewé ti ń rọ. Àwọn àpò náà ṣì tutù, afẹ́fẹ́ ṣì kún inú wọn, ṣùgbọ́n oògùn ń kán tó-tó-tó lára wọn, n kò sì lè fọwọ́ kan ẹyọ kan. Káyọ̀dé sọ lórí fóònù pé kí n má bínú, pé àwọn òṣìṣẹ́ ló kánjú. Irọ́ ni. Òṣìṣẹ́ kì í kánjú ra oògùn fúnra rẹ̀. Ó ṣèlérí, ó yẹ̀ ẹ́, ó sì lo orúkọ mi pé mo fọwọ́ sí i. Ti orúkọ mi yẹn ló dùn mí jù. Ibo ni n ó gbé e lọ? Wọn kì í gbẹ́jọ́ kóropò níwájú ọba ní Ẹnuwá. Ilẹ̀ ẹbí ni, èmi náà sì wà nínú ẹbí tó fi àtàǹpàkò sí i. Ìńtálọ́ọ̀kì ti wà níbẹ̀ báyìí, ó mọ́, ó tẹ́jú, ó gbóná bí agbada tí a fi ń dín àkàrà.

Gbogbo èyí ló ń lọ nínú mi tí Tèmilolúwa fi sún ike náà mọ́ mi. "Màmá, ẹ jẹ ẹ́ ná."

Mo mú ọ̀kan, mo ya àpò rẹ̀. Mo fẹ́ fi í sẹ́nu. Ọwọ́ mi kọ̀. Bó ti wù kí n rò ó tó, ẹni tó já a kò jẹ́ kó bọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òfin mìíràn. Mo tú ìka mi sílẹ̀. Èso náà bọ́ sí ilẹ̀, ó yí lọ sí abẹ́ àga. Mo rọra kúnlẹ̀, eékún ń dún, mo ṣà á.

"Ha, Màmá, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

"Ìgbà tó bọ́ sílẹ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di jíjẹ," mo wí, mo sì jẹ ẹ́.

Ó dùn ju tiwa lọ. Mo gbà. Mo tún mú ọ̀kan, mo jẹ́ kí òun náà bọ́, mo ṣà á, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Tèmilolúwa béèrè ẹni tó ni ín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun tọ́jú tòun.