Ipa Mẹ́rin Nínú Ẹrẹ̀

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dá, ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá wa ní Japara ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Àárọ̀ yẹn ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán ọ̀gbẹ́ni kan wá wo bọ́ọ̀sì tí mo fi ń kó ẹja láti Ibiade, èyí tí ọkọ̀ agégẹdú kọ lù. Mẹkáníìkì ti ní ṣáásì rẹ̀, egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, ti wọ́. Bí wọn kò bá gbà bẹ́ẹ̀, òwò mi parí nìyẹn.

Bàtà ọ̀gbẹ́ni náà funfun. Ó dúró lórí pèpéle, ó na fóònù síwájú, ó ya fọ́tò.

“Màmá, ọ̀dà lásán ló bó. Ṣáásì yín pé.”

“Ṣé orí pèpéle lo ti rí abẹ́ ọkọ̀? O kúuṣẹ́, aríran.”

Adẹpàkúté ni bàbá mi. Ó kọ́ mi pé ilẹ̀ ni í sọ bí ẹran ṣe rìn. Mo ní kí dírẹ́bà mi wa ọkọ̀ náà gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá gún, táyà ẹ̀yìn a tẹ ipa ti iwájú, ipa méjì la ó rí. Tiwa jẹ́ mẹ́rin. Ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

“Sọ̀ kalẹ̀ wá kà á.”

“Màmá, ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí.”

“Òótọ́ ni. Bàtà rẹ ló mọ̀ ọ́n.”

Ó kọ “ọ̀dà” sínú ìwé, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a rọra wa ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ago-Iwoye. Mo da omi sórí yanrìn iwájú ibẹ̀, ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì jókòó ti ipa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ọ̀gá wọn fi jáde wá kà á.